Ọ̀bẹ méjì inú báàgì mi

Ọ̀bẹ náà kọ̀ jálẹ̀, kò ká. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni, aago 11 ò tíì lù, oòrùn ti ń ta ni lẹ́yìn ọrùn. Mo ti ṣe bọ́dìn, ìyẹn lílẹ ojú igi kan mọ́ òmíràn, fún igi ọsàn 39 tán, ó ku ẹyọ kan kó pé 40. Oníbàárà mi tó wá láti Ìjan sì ti gun ọ̀kadà rẹ̀, ó ń fọn fèrè pé kí n jẹ́ kí òun tètè máa lọ. Mo fẹ́ ká ọ̀bẹ kí n lè kó ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Mo fi àtàǹpàkò ti awẹ́ irin inú èèkù rẹ̀, kò mira. Mo tún tì í, awọ ìka mi bó. Ọkùnrin yìí wò mí, ó wo ọ̀bẹ, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọ̀bẹ tí ẹ ní irin ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ṣe é náà ló ń ṣe báyìí?"

Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ti ń fi ọ̀bẹ yẹn yangàn fún gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ mi láti oṣù Kejìlá. Ẹ̀yìn ṣíbí ni mo fi tì í kó tó ká, ó sì dún kẹ́ẹ̀kẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró rí.

Ọmọ igi ni mò ń tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́: ọsàn, kòkó, píà, máńgòrò. Ọ̀bẹ ni iṣẹ́ mi. Tí mo bá fẹ́ ṣe bọ́dìn, màá fi ọ̀bẹ la èèpo igi ọsàn kíkan bí ẹni kọ lẹ́tà T, màá gé ojú kan lára ẹ̀ka ọsàn dídùn, màá ki ojú náà bọ abẹ́ èèpo, màá sì fi náílọ́ọ̀nù dì í gírígírí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 màá tú u wò. Bí ọ̀bẹ ò bá mú, ojú yẹn kú nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi púpọ̀ ń lo abẹ tàbí ọ̀bẹ ìdáná tí wọ́n fi aṣọ wé. Èmi ń lo ọ̀bẹ kíká, nítorí pé mo máa ń tẹ̀ kiri láàárín ilà àwọn ọmọ igi, ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nínú àpò sì ti gé mi ní itan lẹ́ẹ̀kan rí.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ sì ni mí. Ìrè-Ekiti ni wọ́n bí bàbá mi sí, Ìrè tí wọ́n fi ń ki Ògún ní Onírè. Ẹni tó bá dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì kì í wo ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan kó gbójú kúrò. Nígbà tí àbúrò mi tó wà ní Kánádà wá fi ọ̀bẹ kejì ránṣẹ́, mo ní láti tú méjèèjì palẹ̀ kí n rí ohun tó wà nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ télọ̀, ẹ mọ̀ pé kóòtù ní aṣọ òde, ó sì ní aṣọ inú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèkù ọ̀bẹ kíká. Igi tàbí ike tí ọwọ́ ń dì mú ni aṣọ òde. Nínú rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, awẹ́ irin pẹlẹbẹ méjì wà tí ojú ọ̀bẹ ń sùn sáàárín wọn. Àwọn awẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní láínà. Síkúrúù tó di ọ̀bẹ pọ̀, ara wọn ló kàn. Bí èèkù bá là, bí igi bá jó, láínà ni yóò ṣẹ́ kù.

Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ, ọ̀kan nínú awẹ́ méjèèjì tún ní iṣẹ́ kejì. Wọ́n máa ń là á gùn láti iwájú, wọ́n á tẹ apá tí wọ́n là náà sínú díẹ̀, kó máa ṣe bíi sípíríǹgì. Tí o bá ṣí ọ̀bẹ, ìdí ojú ọ̀bẹ á kọjá, awẹ́ yìí á sì fò wọlé, "kẹ́", á dúró sẹ́yìn ìdí yẹn bí ẹni fi igi gbá ilẹ̀kùn. Àyàfi tí o bá fi àtàǹpàkò tì í padà ni ọ̀bẹ tó lè ká. Ara Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Michael Walker ló tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 títí ó fi di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1906. Ohun tó ń ṣọ́ ìka yín kò ju etí awẹ́ irin kan lọ, tí kò nípọn tó owó kọ́bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá a jà pé irin wo ni wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀bẹ mi àkọ́kọ́, láínà rẹ̀ jẹ́ sítéńlẹ́ẹ̀sì. Mo ti ń lò ó láti 2019. Gbogbo wa gbàgbọ́ pé sítéńlẹ́ẹ̀sì kì í dípẹtà. Irọ́ kékeré ni. Nígbà òjò 2021, mo rí i pé omi pupa ń jáde lẹ́nu èèkù rẹ̀ tí mo bá gbọ̀n ọ́n nù. Mo rò pé omi èèpo igi ni. Ó wá di pé awẹ́ yẹn kì í tètè fò wọlé mọ́, ó ń wọ́ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo tú síkúrúù mẹ́ta, mo gbé igi èèkù kúrò, mo sì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: tótòtó pupa káàkiri ara láínà, bí ara ọmọ tí ooru yọ sí. Omi ọsàn, òógùn ọwọ́ àti omi kòkó ti wọ ibẹ̀, wọn ò rọ́nà jáde, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ wo ẹ̀yìn ṣíbí yín, ẹ lè rí 18/8. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìpín 100 irin yẹn, 18 jẹ́ kíróómíọ̀mù, 8 jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì. Irú rẹ̀ le láti bàjẹ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Wọn kì í fi ṣe láínà tó ń di ojú ọ̀bẹ mú, torí wọ́n fẹ́ irin tí iná lè mú le. Èyí tí wọ́n sábà ń lò ni irú sítéńlẹ́ẹ̀sì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 410 tàbí 420. Kíróómíọ̀mù inú 420 kò ju 12 sí 14 lọ, kò sì ní níkẹ́ẹ̀lì tó tó nǹkan. Kíróómíọ̀mù yìí ló ń dá awọ tín-ín-rín bo irin lára tí atẹ́gùn àti omi ò fi ráyè. Bí ó bá kéré, tí omi kíkan sì bá irin jókòó lójú kan, awọ yẹn á já. Harry Brearley ní Sheffield ló kọ́kọ́ po irú irin yìí ní 1913, ìbọn ló ń wá irin fún, kì í ṣe ọ̀bẹ. Bóyá tó bá mọ̀ pé obìnrin kan ní Ekiti máa fi gé ọsàn kíkan láti àárọ̀ títí di alẹ́, ì bá fi kíróómíọ̀mù díẹ̀ kún un.

Mo fi kẹrosíìnì fọ àwọn láínà náà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó họ wọ́n, mo fi òróró máṣíìnì ìránṣọ pa wọ́n lára. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo ń tú u. Kò tún dípẹtà mọ́. Ìpẹtà àkọ́kọ́ yẹn sì fi ojú kékeré méjì sílẹ̀ lára rẹ̀ tí mo ṣì ń rí dòní.

Bí mo ṣe sọ èyí fún àbúrò mi lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Mo máa fi onítitanium ránṣẹ́ sí yín, irin fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú." Ó dé ní oṣù Kejìlá, nínú àpò ẹnì kan tó wá ṣọdún.

Mo mú un jáde nínú páálí, ọwọ́ mi fò sókè, torí mo ti múra sílẹ̀ láti gbé ohun tó wúwo. Láínà rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, búlúù ẹyẹ agbe. Mo rò pé ọ̀dà ni, mo fi èékánná họ ọ́, kò ṣí. Kì í ṣe ọ̀dà rárá. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á ri titanium bọ inú omi tí wọ́n ti po nǹkan sí, wọ́n á fi iná sí i, awọ ara rẹ̀ á sì nípọn díẹ̀. Bí iná bá ṣe lágbára tó ni awọ náà ṣe ń nípọn tó, ìmọ́lẹ̀ tó bá kan án á sì yọ àwọ̀, bí òróró mọ́tò tó tàn sórí omi ọ̀gbàrá ṣe ń yọ oríṣiríṣi àwọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni kùn ún.

Lọ́jọ́ kẹta ọdún tuntun, mo gbé ọ̀bẹ méjèèjì lọ sí Ìrè. Bàbá mi ti lé ní 80, ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Iwájú ilé arọ tó ti dákẹ́ ni wọ́n ń jókòó sí láàárọ̀, lórí owú tí wọn ò lè fi ṣiṣẹ́ mọ́. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ yẹn, ètè gbogbo wa là. Mo tú láínà kan kúrò nínú ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn lé wọn lọ́wọ́, mi ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì wọn wọ̀n bí ẹni ń wọn obì. Wọ́n gbé ti sítéńlẹ́ẹ̀sì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ní, "Háà, ó tutù." Wọ́n gbé ti titanium lé e. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. "Èyí ò tutù. Igi ni?" Mo ní rárá o, bàbá. Wọ́n fi eyín bù ú, eyín tó ṣẹ́ kù. Wọ́n fi èékánná ta á. Wọ́n wá ní, "Ìyá mi" (ọdún tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí), "ìyá mi, ta ló rọ eléyìí? Ògún ò mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ni bàbá mi sọ nípa òtútù yẹn, láìsí pé wọ́n ka ìwé. Ọyẹ́ ti mú kí awẹ́ méjèèjì tutù bákan náà, ṣùgbọ́n sítéńlẹ́ẹ̀sì tètè ń fa ooru kúrò lára ènìyàn, titanium kì í tètè fà á. Ohun tí ara ń pè ní òtútù irin nìyẹn. Tí ẹ bá ń jí lọ sóko ní oṣù Kìíní, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ náà.

Bóyá Ògún mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tí kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì tí kì í ṣe Mùsùlùmí, irin ni wọ́n ń fún un kó fi búra ní kóòtù. Tí wọ́n bá wá gbé titanium fún un ńkọ́? Ṣé ìbúra náà mú? Mo bi bàbá mi. Wọ́n ní kí n yé fi Ògún ṣẹ̀fẹ̀ ní Ìrè.

Wọn kì í rọ titanium bí bàbá mi ṣe ń rọ àdá. Iná ẹwìrì lè mú un pọ́n, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ́n nínú afẹ́fẹ́, á máa fa afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀, á sì di ohun tó ń fọ́. Kò ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ o. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọ̀dà funfun ara ògiri yín funfun, ó sì wà nínú iyanrìn dúdú tí wọ́n ń fọ̀ kúrò lára tánganran ní Jos. Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ jáde ló ń jẹ́ kó wọ́n: wọ́n á fi kúlórínì sọ ọ́ di omi, wọ́n á wá fi magnẹ́síọ̀mù gbà á padà nínú àgbá tí atẹ́gùn ò gbọdọ̀ wọ̀. Èyí tí wọ́n sì sábà ń lò fún láínà, wọ́n ti po ìpín 6 alumíníọ̀mù àti ìpín 4 fanádíọ̀mù mọ́ 90 titanium.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bi mí pé báwo ló ṣe fúyẹ́ tó gan-an. Mo gbé àwọn láínà náà lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Adó, ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í fi gíráàmù kan ṣeré. Méjèèjì ti sítéńlẹ́ẹ̀sì wọn gíráàmù 36. Méjèèjì ti titanium wọn 25. Ẹnu yà mí, torí mo ti kà pé ìwọ̀n titanium fi díẹ̀ ju ìdajì ìwọ̀n irin lọ: bí méjèèjì bá tóbi dọ́gba, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4.4 níbi tí ti irin yìí ti jẹ́ 7.7. Ó yẹ kó tó 21. Alágbẹ̀dẹ wúrà ló fi kálípà rẹ̀ wọ̀n wọ́n fún mi: sítéńlẹ́ẹ̀sì nípọn tó mìlímítà 1.2, titanium nípọn tó 1.5.

Ìdí rẹ̀ rèé. Titanium rọrùn láti tẹ̀ ju irin lọ. Bí awẹ́ méjèèjì bá nípọn dọ́gba, agbára tó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ ló tó láti tẹ ti titanium. Ó dára fún sípíríǹgì, torí ó lè tẹ̀ jìnnà kó sì padà sípò rẹ̀ láìdá. Ṣùgbọ́n kó tó lè fi agbára kan náà ti ìdí ojú ọ̀bẹ, wọ́n ní láti jẹ́ kó nípọn díẹ̀ sí i, bí ó sì ti ń nípọn ni ìwọ̀n tí ẹ sanwó fún ń padà wá. Ìyàtọ̀ tó kù lọ́wọ́ mi jẹ́ gíráàmù 11. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kòkó mọ̀ pé kóró tó gbẹ dáadáa, 100 nínú rẹ̀ ló ń wọn gíráàmù 100. Kóró kòkó 11 ni mo rí jèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín jẹ. Ní Ọjà Ọba, ọmọkùnrin kan fi ọ̀bẹ aláwọ̀ wúrà hàn mí tí wọ́n kọ TITANIUM gàdàgbà sí ojú rẹ̀, ó ní ₦6,000. Mo mú mágínẹ́ẹ̀tì tí mo yọ lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́ jáde nínú báàgì (bẹ́ẹ̀ ni, mo ń gbé e kiri), mo gbé e sí ojú ọ̀bẹ, ó lẹ̀ gbá. Mo gbé e sí láínà, ó lẹ̀ gbá. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ titanium, irin ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dán bíi wúrà yẹn nìkan ló ní titanium nínú, bí ẹ bá sì to irú rẹ̀ mẹ́wàá léra kò tíì nípọn tó irun orí kan. Ọmọ náà ò mọ̀, bí wọ́n ṣe tà á fún un ló ṣe ń tà á.

Mágínẹ́ẹ̀tì nìkan ò tó o, torí ọ̀pọ̀ sítéńlẹ́ẹ̀sì ṣíbí náà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fi èyí tó dájú hàn mí. Ó tan fáìlìn máṣíìnì rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí kàn án fẹ́ẹ́rẹ́: ìtàpá iná jáde, ó pọ́n bí ẹyin iná àdògán. Mo wá mú láínà búlúù mi, ìdí rẹ̀ níbi tí èèkù máa bò, mo ní kó fi ara kàn án bí ẹni fi ẹnu kan ọbẹ̀ gbígbóná. Funfun bàláú! Ìtàpá náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wẹ́lì, a fojú pamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n tún un ṣe. Mo ní rárá. Ẹ má fi ṣeré, ìyẹ̀fun titanium máa ń gbaná, tó bá sì gbaná, ẹ má da omi sí i, iyanrìn gbígbẹ ni.

Ó dára. Titanium mi kì í ṣe ayédèrú, kò dípẹtà, kò tutù, ó fúyẹ́ díẹ̀. Kí ló wá dé tó fi dójú tì mí níwájú ará Ìjan?

Ìdí ojú ọ̀bẹ jẹ́ irin tí wọ́n ti fi iná mú le. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń wọn líle, ó máa ń tó 58 sí 60. Titanium irú èyí kì í ju nǹkan bí 36 lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ọ̀bẹ, èyí tó le ń ha ara mọ́ èyí tó rọ̀. Titanium tún ní ìwà kan: tó bá ń ha ara mọ́ irin lójú kan náà, á fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹ̀bà tó gbẹ sára àwo. Àwọn wóóro rẹ̀ á já, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ìdí ojú ọ̀bẹ, ọ̀bẹ á sì le láti ká. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè sọ ọ́ nípa láínà.

Èyí tó le níbẹ̀ jù fún mi kì í ṣe lílẹ̀ yẹn. Nígbà tí ọ̀bẹ dé ní oṣù Kejìlá, awẹ́ yẹn ń dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdí ojú ọ̀bẹ, kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Mo wò ó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó ti kọjá àárín. Ó ti jẹra, ó sì ń wọlé sí i láti fi dí àlàfo tó jẹra yẹn. Lọ́jọ́ tó bá kan awẹ́ òdì kejì, ojú ọ̀bẹ á bẹ̀rẹ̀ sí mì. Òótọ́ ni pé èmi ń ṣí ọ̀bẹ ju ẹlòmíì lọ, mo lè ṣí i ní ìgbà 80 lójúmọ́. Ẹni tó ń fi ṣí lẹ́tà ò ní rí èyí ní ogún ọdún. Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ ìwà wọn: nígbà tí sítéńlẹ́ẹ̀sì ń ṣàìsàn, ó pariwo, ó da omi pupa sí mi lára, ó ba aṣọ mi jẹ́, mo gbọ́, mo tọ́jú rẹ̀. Titanium kò sọ nǹkan kan. Búlúù rẹ̀ ṣì ń dán.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀bẹ mọ̀ nípa rẹ̀ tipẹ́. Chris Reeve, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó kó lọ sí Idaho ní Amẹ́ríkà ní 1989, ṣe ọ̀bẹ kan tí kò ní láínà tó dá dúró: èèkù titanium fúnra rẹ̀ ló là, tó sì sọ di àgádágodo, ó nípọn, kò sì tètè jẹra. Ó pè é ní Sebenza, èdè Zulu, "iṣẹ́" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn pé ọmọ Áfíríkà ló fún un lórúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lé ní 400 dọ́là, mi ò mọ irú iṣẹ́ tí màá fi ṣe tí owó yẹn á padà. Àwọn mìíràn máa ń fi síkúrúù de irin kékeré kan mọ́ ẹnu titanium, kó lè jẹ́ pé irin ni yóò máa kan irin. Èyí ló dára jù lójú mi: titanium ṣe sípíríǹgì, ó sì kọ ìpẹtà, irin wá gba ìyà ẹnu ọ̀nà. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé tó bá tún fẹ́ rán ọ̀bẹ, irú èyí ni kó rán. Ó ní òun ti gbọ́. Bí ó ṣe sọ ọ́, mo mọ̀ pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ní báyìí ná, pẹ́ńsùlù ni. Ẹ ṣí ọ̀bẹ díẹ̀, ẹ fi ẹnu pẹ́ńsùlù tó rọ̀ kun etí awẹ́ náà níbi tó ti ń kan ìdí ojú ọ̀bẹ, kó dúdú dáadáa, kí ẹ wá ṣí i kí ẹ ká a bí ìgbà mẹ́wàá. Dúdú inú pẹ́ńsùlù yẹn ń yọ̀, titanium ò ní lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kò dá ìjẹra dúró o, ó kàn ń dín in kù ni. Àbíkẹ́yìn mi ti wá pẹ́ńsùlù rẹ̀ tì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, olùkọ́ sì ti ránṣẹ́ sí mi.

Ní àárọ̀ òní, ará Ìjan pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé ọmọ ọsàn ti rọ. Kò dárúkọ ọsàn. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọ̀bẹ yẹn ti ká?" Mo ní ó ti ká, ó ń ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Irọ́ kọ́. Ó wà nínú báàgì tí mo ń gbé lọ sóde, ó ká, ó fúyẹ́, ó ń dán. Ti sítéńlẹ́ẹ̀sì tó lójú méjì lára ni mo fi ṣe bọ́dìn 60 kí n tó jẹun.